Ṣé Ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì Ni Lóòótọ́?

Olùkọ́ kan ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi pé: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ti kọ́ wa pé ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ló wà níbẹ̀, kò ní í parí títí Olúwa yóò fi dé. Mùsùlùmí ni ọkọ àbúrò mi. Tirẹ̀ ni pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn Júù gbà, kí wọ́n dá a padà kí ìjà tán. Níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà dìjà láàárín wa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé tí wọn kò pín ilẹ̀ náà sí méjì, kí kálukú jókòó sí tirẹ̀? Ta gan-an ni kò fẹ́ àlàáfíà? Àti pé, ṣé lóòótọ́ ni ọkọ àbúrò mi sọ pé Kristẹni wà lára àwọn ará Palẹ́sítínì?”

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Bí mo bá gbọ́ ìbéèrè yín yé, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn kọjá ilẹ̀ pínpín. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àyànmọ́ ni ìjà yìí, tí ọwọ́ ẹ̀dá kò ká, tàbí àfọwọ́fà ni, tí a lè tọ́ka sí ẹni tó fà á. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìtàn agbègbè yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti bá àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa ṣàlàyé nǹkan fún wọn lọ́nà. Ìdáhùn tèmi ni pé àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fà á pọ̀, èyí tó sì ba nǹkan jẹ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìfòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ tó le gan-an ni wọ́n máa ń sún síwájú, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa padà dé ìdí wọn, wọ́n ti le ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì kúrò lójú ọ̀nà, torí pé òun ló ń mú kí ènìyàn káwọ́ lẹ́rán. Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 25, ẹsẹ 9. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé nígbà tí Ábúráhámù kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni wọ́n jọ sin bàbá wọn sínú ihò Mákípẹ́là. Ihò yẹn wà ní Hébúrónì títí di òní, mọ́sálásí àti sínágọ́gù sì jọ wà lórí rẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Láti 1517 títí di 1917, abẹ́ ìjọba Ottoman ti àwọn ará Túọ́kì ni ilẹ̀ náà wà, Júù, Mùsùlùmí àti Kristẹni sì jọ ń gbé níbẹ̀. N kò sọ pé wọ́n dọ́gba lábẹ́ òfin, rògbòdìyàn sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ogun orílẹ̀-èdè méjì lórí ilẹ̀ kan kò tíì sí. Ìgbà tí èrò méjì pàdé ara wọn ni èyí bẹ̀rẹ̀. Èkíní hù ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù tí wọ́n sì ń lé wọn kiri. Ní 1897, Theodor Herzl pe àpérò kan sí ìlú Basel, wọ́n sì pinnu níbẹ̀ pé àfi kí àwọn Júù ní ilé tiwọn ní Palẹ́sítínì. Èkejì hù láàárín àwọn Lárúbáwá, àwọn náà ń fẹ́ ṣe ìjọba ara wọn bí àwọn Túọ́kì bá lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bá àwọn Túọ́kì jagun nígbà náà, ṣe ẹlẹ́nu méjì: wọ́n jẹ́ kí àwọn Lárúbáwá máa retí òmìnira, nígbà tó sì di 1917, Arthur Balfour, mínísítà wọn fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ lẹ́tà pé ìjọba òun fọwọ́ sí i kí ilé wà fún àwọn Júù níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó dá ìjọba Ísírẹ́lì sílẹ̀, tó fi mọ́ David Ben-Gurion, kì í ṣe ẹlẹ́sìn tó jinlẹ̀. George Habash, tó dá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ajàjàgbara Palẹ́sítínì tó le jù lọ sílẹ̀, inú ìdílé Kristẹni ni wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn 1967 ni ẹ̀sìn wá di epo tí wọ́n ń ta sí iná náà ní ìhà méjèèjì.

Ní ti ọkọ àbúrò yín, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Nínú ogun 1948, nǹkan bí 700,000 ará Palẹ́sítínì ló sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nílé, abúlé tó lé ní 400 ló sì di ahoro. Nakba ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí àjálù. Ní ẹnu ọ̀nà ibùdó ogúnléndé Aida ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ irin ràgàjì kan sí òkè géètì. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé inú ibùdó náà mú kékeré tirẹ̀ jáde fún mi nínú aṣọ tó fi dì í: kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà, ti ilé tí bàbá rẹ̀ tì ní 1948 pẹ̀lú èrò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn yóò lò níta. Ilé náà kò sí mọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ náà kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ “kí wọ́n dá a padà” ti kọsẹ̀ ni pé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí kò ní ibòmíràn tí wọn yóò padà sí. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìpakúpa tí Hitler fi pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, òbí wọn wá láti Ìráákì, Yẹ́mẹ̀n, Mòrókò àti Íjíbítì, àwọn náà fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn 1948. Láàárín Odò Jọ́dánì àti òkun, nǹkan bí mílíọ̀nù méje Júù àti mílíọ̀nù méje ará Palẹ́sítínì ló ń gbé. Kò sí èyí tí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an, kí ló dé tí wọn kò pín in? Wọ́n ti gbìyànjú àtipín in. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1947, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí ilẹ̀ náà di orílẹ̀-èdè méjì, kí Jerúsálẹ́mù sì wà lábẹ́ àbójútó àjọ náà. Àwọn aṣáájú Júù gbà. Àwọn Lárúbáwá kọ̀, torí pé àwọn Júù, tí wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùgbé ibẹ̀ lọ, ni wọ́n fún ní ohun tó lé ní ìdajì ilẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ogun 1948 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti dá Ísírẹ́lì sílẹ̀. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ ní 1949, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, Jọ́dánì mú West Bank tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò, Íjíbítì sì mú Gásà. Ní oṣù Kẹfà 1967, ọjọ́ mẹ́fà péré ni Ísírẹ́lì fi gba ìdá 22 tó ṣẹ́kù. Ibí yìí ni ẹ ti máa rí ìdí tí wọn kì í fi gbọ́ ara wọn yé. Ará Palẹ́sítínì tó jókòó sídìí ìjíròrò ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òun ti fi ìdá 78 sílẹ̀ kí òun tó wọlé. Ìdá 22 yìí ni gbogbo ohun tó kù, kí ni ẹ tún fẹ́ kí òun yọ nínú rẹ̀? Ará Ísírẹ́lì tó jókòó níwájú rẹ̀ ń sọ pé inú ogun tí wọ́n fẹ́ fi pa wá run la ti gba ìdá 22 yẹn. Ohunkóhun tí a bá yọ níbẹ̀ fún wọn, a ṣe wọ́n lóore ni. Àwọn méjèèjì lè máa pe ara wọn ní ẹni tó ti gbà jù, láìsí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú wọn.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1993, Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Yasser Arafat, olórí PLO, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ajàjàgbara Palẹ́sítínì, bọ ara wọn lọ́wọ́ ní iwájú ilé ààrẹ Amẹ́ríkà, Bill Clinton sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ gbá wọn mọ́ra. Mo rántí pé mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì gbà pé ó ti parí. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sí ara wọn. Arafat kọ ọ́ pé PLO gbà pé orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní ẹ̀tọ́ láti wà ní àlàáfíà àti ààbò. Rabin dá a lóhùn pé Ísírẹ́lì gbà pé PLO ni aṣojú àwọn ará Palẹ́sítínì. Ẹnì kan gba orílẹ̀-èdè wọlé, ẹnì kejì gba ẹgbẹ́ wọlé. Kò sí ibì kankan nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, tí a ń pè ní àdéhùn Oslo, tí wọ́n ti ṣèlérí orílẹ̀-èdè fún àwọn ará Palẹ́sítínì. Àwọn ọ̀rọ̀ tó fa ìjà gan-an, ìyẹn Jerúsálẹ́mù, àwọn ogúnléndé, àwọn ibùdó tí àwọn Júù kọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1967, ètò ààbò àti ààlà, gbogbo wọn ni wọ́n sún síwájú. Wọ́n fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí ìfọkàntán lè hù, wọ́n sì ní kí ìjíròrò lórí wọn má ṣe kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀. Èrò ọlọgbọ́n ló dà lójú àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá pẹ́ lórí imí, gbogbo eṣinkéṣin ní í bá ni níbẹ̀.

Àwọn eṣinṣin náà dé kíákíá. Ní oṣù Kejì 1994, Baruch Goldstein, Júù tó ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọ̀nyẹn, wọ inú mọ́sálásí tó wà lórí ibojì Ábúráhámù ní Hébúrónì nígbà ìrun àárọ̀ nínú Ramadan, ó sì yìnbọn pa ènìyàn 29. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Hamas, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ajàjàgbara Palẹ́sítínì tó lòdì sí Oslo, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó di bọ́ǹbù mọ́ra pa àwọn èrò bọ́ọ̀sì nínú Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1995, Yigal Amir, tó jẹ́ Júù bíi tirẹ̀, yìnbọn pa Rabin níbi ìwọ́de àlàáfíà ní Tel Aviv. Bọ́ǹbù tún dún ní Jerúsálẹ́mù àti Tel Aviv ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, nígbà tí ìdìbò sì dé ní oṣù Karùn-ún, nǹkan bí ìbò 30,000 péré ni Benjamin Netanyahu, tó lòdì sí Oslo, fi borí Shimon Peres tó gorí àga lẹ́yìn Rabin. Mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àwọn tó kórìíra ara wọn jù lọ ní ìhà méjèèjì ló gbọ́ ọwọ́ ara wọn jù lọ. Àpẹẹrẹ kan tún wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi: ní òpin oṣù Kẹta 2002, gbogbo orílẹ̀-èdè Lárúbáwá péjọ sí Beirut, wọ́n sì fọwọ́ sí ìmọ̀ràn Saudi Arabia pé àwọn yóò bá Ísírẹ́lì ṣe àlàáfíà bí ó bá padà sí ààlà 1967, tí wọ́n sì rí ọ̀nà àbáyọ sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹni tó di bọ́ǹbù mọ́ra láti inú Hamas pa ènìyàn 30 níbi àsè Ìrékọjá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Netanya. Ta ló tún fẹ́ ka ìwé Beirut lẹ́yìn ìyẹn?

Bí ọdún márùn-ún ṣe di ogún, tó sì ń lọ sí ogójì, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń yí padà. Oslo pín West Bank sí A, B àti C: nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ sí C, tí gbogbo àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, ó sì yí àwọn ìlú tó wà nínú A, tí àwọn ará Palẹ́sítínì ń ṣàkóso, ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí Oslo, nǹkan bí 110,000 Júù ló ń gbé nínú àwọn ibùdó West Bank. Lónìí wọ́n ti tó 500,000, láìka àwọn tó lé ní 200,000 tó wà ní ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Òfin Geneva kẹrin kò gbà kí ìjọba kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ tó fogun gbà, Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé sì sọ ní 2024 pé wíwà Ísírẹ́lì níbẹ̀ kò bófin mu. Ìjọba Ísírẹ́lì kò gba èyí. Ní oṣù Kẹta 2012, bọ́ọ̀sì àwa arìnrìn-àjò kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ní ṣẹ́kípọ́ìǹtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Jerúsálẹ́mù, àwọn ọkùnrin ti tò gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi irin ṣe, irú èyí tí wọ́n ń gbà da màlúù wọ ọkọ̀, oúnjẹ nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ bíríkìlà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ ṣe lápá ọ̀hún. Sójà obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ 20 ọdún lọ wọ bọ́ọ̀sì wa, ó wo pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Amọ̀nà wa, ọmọ Beit Sahour, ti sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀ torí pé ìwé àṣẹ rẹ̀ láti wọ Jerúsálẹ́mù ti kọjá ọjọ́. Láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù sí Jerúsálẹ́mù kò ju kìlómítà 10 lọ. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá kọjá. Òun dúró, ó ń juwọ́ sí wa.

N kò ní í ṣe ojúsàájú, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Sderot náà, ìlú Ísírẹ́lì tó wà létí Gásà. Ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀, kọnkéré tó nípọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń bọ̀. Láti ìgbà tí fèrè bá dún, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni ènìyàn ní. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ka oókan dé àrùndínlógún, kí ẹ sì fọkàn rò ó pé ọmọ méjì wà lọ́wọ́ yín àti ìkẹta ní ilé ìwẹ̀. Ní 2005, Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, kó gbogbo ọmọ ogun àti nǹkan bí 8,000 Júù tó tẹ̀ dó sí Gásà kúrò níbẹ̀. Hamas borí nínú ìdìbò 2006, wọ́n lé Fatah, ẹgbẹ́ Arafat, kúrò ní Gásà ní 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tí ará Ísírẹ́lì kọ́ níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa yìnbọn sí wa. Bẹ́ẹ̀ West Bank sún mọ́ àwọn ìlú ńlá wọn ju Gásà lọ, ibi tí ilẹ̀ wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ láti ààlà dé òkun kò ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ. Ẹ̀kọ́ tí ará Palẹ́sítínì kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀: Sharon kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kó tó jáde, òfuurufú àti òkun Gásà sì wà lábẹ́ Ísírẹ́lì síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sé ibẹ̀ mọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ló di ẹ̀rí fún ẹjọ́ méjì.

Ẹ béèrè pé ta ni kò fẹ́ àlàáfíà. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà méjèèjì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iye tí yóò ná aṣáájú tó bá ṣe é ń bà wọ́n lẹ́rù. Anwar Sadat ti Íjíbítì bá Ísírẹ́lì ṣe àlàáfíà ní 1979, Íjíbítì sì gba Sinai, aginjù rẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà ní 1967, padà títí dé ìyókù rẹ̀ ní 1982, ṣùgbọ́n òun kò rí ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti pa á ní oṣù Kẹwàá 1981. Rabin kú ikú kan náà lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísírẹ́lì tó ní àga 120, kò sí ẹgbẹ́ kan tó tíì dá gba 61 nínú ìdìbò rí, nítorí náà ẹgbẹ́ kékeré tó ń ṣojú àwọn ará ibùdó lè bi ìjọba ṣubú lọ́jọ́ tí olórí bá mú máàpù jáde. Ní ìhà kejì, ilé tí ó pín sí méjì ni: Fatah ní Ramallah, Hamas ní Gásà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dìbò yan Mahmoud Abbas ti Fatah fún gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àwọn ará Palẹ́sítínì ní 2005, ó sì wà níbẹ̀ di òní láìsí ìdìbò mìíràn sí ipò náà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2008. Ehud Olmert, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, fi máàpù kan han Abbas tó fún àwọn ará Palẹ́sítínì ní ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún West Bank, pẹ̀lú ilẹ̀ mìíràn dípò ìyókù, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó mú ẹ̀dà kan lọ àfi bó bá fọwọ́ sí i. Abbas délé, ó fi ọwọ́ ya ohun tó rántí nínú máàpù náà sórí bébà. Wọ́n ti ń ṣèwádìí Olmert lórí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ nígbà náà, ó sì ti sọ pé òun yóò fipò sílẹ̀. Abbas kò fèsì. Ẹni tó fẹ́ ṣe é kò lágbára mọ́, ẹni tó yẹ kó gbà á kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń fún òun yóò wà lórí àga lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lójú tèmi, Abbas ìbá ti fọwọ́ sí i, kí ẹrù náà di ti ẹni tó bá gorí àga lẹ́yìn Olmert, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó le ju ààlà lọ. Jerúsálẹ́mù ni èkíní. Òkè kan ṣoṣo ni Témpílì àwọn Júù dúró sí láyé àtijọ́, Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n ti ń gbàdúrà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orí òkè náà ni mọ́sálásí Al-Aqsa wà lónìí. A kò lè fi okùn wọ̀n ọ́n sí méjì. Nínú ìjíròrò tí Clinton pè ní Camp David ní 2000, ọ̀rọ̀ òkè yìí wà lára ohun tó tú wọn ká. Olmert dá a lábàá pé kí orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ máa ṣe àbójútó ibẹ̀, lójú tèmi, kò sí àbá tó dára tó ìyẹn tí mo tíì gbọ́. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ ìyá arúgbó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ogúnléndé tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ UNRWA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó wọn, ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Gbogbo ẹni tó ti jókòó sínú yàrá ìjíròrò mọ̀ pé Ísírẹ́lì kò ní í gbà kí gbogbo wọn padà, pé owó gbà-má-bìínú àti ibùgbé nínú Palẹ́sítínì tuntun ni púpọ̀ nínú wọn yóò gbà. Aṣáájú tó bá lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní ibùdó Aida, n kò mọ bí yóò ṣe jáde níbẹ̀. Bákan náà ni kò sí olórí Ísírẹ́lì tó fẹ́ lọ dúró ní Hébúrónì kó sọ fún àwọn Júù ibẹ̀ pé kí wọ́n di ẹrù wọn.

Ní ti àwọn ará ìta, mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Amẹ́ríkà ń fún Ísírẹ́lì ní ìrànwọ́ ológun tó jẹ́ bílíọ̀nù 3.8 dọ́là lọ́dọọdún lábẹ́ àdéhùn 2016, òun náà ló sì ń ṣe onílàjà. Ìráànì ń ran Hamas lọ́wọ́. Ní 2020, United Arab Emirates àti Bahrain bá Ísírẹ́lì ṣe àdéhùn láìdúró de àwọn ará Palẹ́sítínì. Nàìjíríà náà kò dúró sójú kan: a já okùn àjọṣe wa pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1973, a tún un so ní 1992.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023 dé. Hamas ya wọ gúúsù Ísírẹ́lì, wọ́n pa nǹkan bí ènìyàn 1,200, wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ sí ìgbèkùn. Àwọn kan nínú àwọn tó kú ní àwọn abúlé ààlà yẹn jẹ́ ẹni tó ti ń fi ọkọ̀ wọn gbé àwọn aláìsàn Gásà lọ sí ọsibítù tẹ́lẹ̀. Ogun tí Ísírẹ́lì fi dáhùn ti pa ènìyàn tó lé ní 60,000 ní Gásà, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe sọ, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ nínú àwọn ilé sì di àlàpà. Wọ́n dáwọ́ ogun dúró ní oṣù Kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n ìdáwọ́dúró yàtọ̀ sí ìparí ìjà. Ohun tí ọjọ́ yẹn àti ogun náà bà jẹ́ jù lọ ni àwọn ènìyàn àárín, àwọn tó máa ń sọ fún ará ilé wọn pé “àwọn tó wà lọ́hùn-ún kò burú tó bẹ́ẹ̀.” Ní oṣù Keje 2024, ilé aṣòfin Ísírẹ́lì dìbò 68 sí 9 pé àwọn lòdì sí orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Bìrìtéènì, Faransé, Kánádà àti Ọsirélíà sọ pé àwọn gba orílẹ̀-èdè kan náà wọlé. Ìwé ń lọ síbí, ilẹ̀ ń lọ sọ́hùn-ún.

Kí ló wá kù? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ènìyàn mílíọ̀nù méje yóò máa gbé pẹ̀lú mílíọ̀nù méje mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn kò lè dìbò yan ìjọba tó ń pàṣẹ lé wọn lórí. 2023 sì ti fi hàn pé kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè kan tí gbogbo ènìyàn dọ́gba nínú rẹ̀, ó dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn Júù yóò ní ibi kan ṣoṣo tí àwọn ti pọ̀ jù láyé ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, n kò sì rí ohun tí yóò mú kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tinútinú. Àwọn kan ní Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì ń sọ pé kí orílẹ̀-èdè jẹ́ méjì, kí ààlà ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, kí Júù tó wà ní Hébúrónì máa gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin Palẹ́sítínì, kí ogúnléndé náà lè máa gbé ní Háífà láìjẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì. Èyí wù mí, ṣùgbọ́n ìfọkàntán tó nílò kò sí lọ́jà lónìí. Pípín tí ẹ̀yin dábàá ni mo ṣì rò pé ó kéré ní ìpalára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dọọdún ni ibùdó tuntun ń mú un nira sí i. Sinai, tí Ísírẹ́lì kó àwọn ibùdó tó kọ́ síbẹ̀ kúrò kó tó dá a padà, fi hàn pé a lè kó ibùdó kúrò bí olórí bá pinnu. Bí mo bá ní ẹnu níbẹ̀, ohun kan ni ǹ bá bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fi Jerúsálẹ́mù àti àwọn ogúnléndé ṣáájú, kí wọ́n kọ bí òpin yóò ṣe rí sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oslo ṣe òdìkejì rẹ̀. Bóyá olórí tí yóò lè ṣe é ti wà láyé, n kò lè sọ.

Ní ti ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, òótọ́ ni ọkọ àbúrò yín sọ. Kristẹni wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Beit Jala, Beit Sahour, Ramallah àti Gásà, ìdílé àwọn kan nínú wọn sì ti ń gbàgbọ́ láti ìgbà tí àwọn baba ńlá tiwa kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù. Wọ́n kéré níye, torí pé púpọ̀ ti kó lọ sí òkè òkun. Amọ̀nà wa tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ni. Ní Kérésìmesì 2023, wọn kò ṣe àjọyọ̀ ní gbangba ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Lútérì tó wà níbẹ̀, wọ́n kó àfọ́kù kọnkéré jọ níwájú àwọn ìjọ, wọ́n sì tẹ́ ère Jésù ọmọ ọwọ́ sáàárín rẹ̀.